Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Fídíò àti Rédíò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Kò Fẹ́ Sopọ̀

Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn: ẹ tẹ líǹkì, áàpù ní òun kò lè sopọ̀, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Púpọ̀ nínú yín ló ti yọ áàpù náà kúrò tí ẹ sì tún un gbé sórí ẹ̀rọ, síbẹ̀ kò sí ìyàtọ̀. Kò yà wá lẹ́nu, nítorí áàpù kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Kí ohùn tàbí àwòrán tó jáde, ohun mẹ́rin ló ní láti ṣẹlẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ̀rọ yín á kọ́kọ́ wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi ètò ránṣẹ́. Á gba pọ́ọ̀tì kan, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, lọ bá sáfà náà. Sáfà á gbà á láàyè tàbí kó lé e padà. Lẹ́yìn náà ni áàpù á tó yẹ ohun tó gbà wò bóyá òun lè tú u. Ẹ jẹ́ ká máa wá ibi tó ti já nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dípò ká máa yọ áàpù tí a sì ń dá a padà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. VLC, áàpù tó ń gbé fídíò àti ohùn jáde, ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà oní-Windows. Bí mo bá ti fi líǹkì sí i, ohun tó máa ń kọ ni "Your input can't be opened", á wá ní kí n lọ wo log. N kò mọ ibi tí log yìí wà, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ wò níbẹ̀.

Ìdáhùn: Gbólóhùn tí ẹ rí yẹn kò sọ ju pé kò ṣeé ṣe lọ. Inú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí áàpù ń ṣe, ni ìdí rẹ̀ wà lóòótọ́. Ẹ lọ sí Tools, kí ẹ tẹ Messages, tàbí kí ẹ kúkú tẹ Ctrl àti M pọ̀. Fèrèsé kékeré kan á yọ. Ẹ wá Verbosity nínú rẹ̀, kí ẹ yí i sí 2. Ẹ má pa fèrèsé náà dé. Ẹ tẹ Ctrl àti N, ẹ lẹ líǹkì yín síbẹ̀, ẹ tẹ Play, kí ẹ sì máa wo àwọn ìlà tó ń tò jáde. Àwọn tó pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Bí ẹ bá rí "cannot resolve", a jẹ́ pé ẹ̀rọ yín kò rí nọ́ńbà fún orúkọ sáfà. Ẹ kọ́kọ́ wo líǹkì náà fínnífínní. Àlàfo kan ṣoṣo tó lẹ̀ mọ́ ìparí rẹ̀ nígbà tí ẹ ń dà á kọ ti tó láti bà á jẹ́. Bí líǹkì bá pé, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé Windows tí a ń kọ àṣẹ sí), ẹ kọ nslookup, ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kí ẹ wá kọ orúkọ sáfà nìkan: kò gbọdọ̀ sí http:// níwájú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ fi 1.1.1.1 kún ìparí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ DNS (ètò tó ń wá nọ́ńbà fún orúkọ sáfà) tí nẹ́tíwọ̀kì yín ń lò. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ń béèrè lọ́wọ́ DNS ti Cloudflare. Bí ẹ̀ẹ̀kejì bá mú nọ́ńbà wá tí àkọ́kọ́ kò sì mú nǹkan kan wá, DNS yín ni wàhálà wà. Ẹ wọ sẹ́tìńgì nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà, ẹ fi 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8 ti Google rọ́pò rẹ̀, kí ẹ wá kọ ipconfig /flushdns nínú Command Prompt kí Windows lè gbàgbé ìdáhùn àtijọ́. Bí méjèèjì bá ní àwọn kò mọ orúkọ yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa á rẹ́. Ẹ wá líǹkì tuntun.

"Connection refused" àti "timed out" kì í ṣe ohun kan náà, ẹ jọ̀wọ́. Ti àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí ẹ kanlẹ̀kùn tí ẹnìkan sì fọhùn láti inú ilé pé ẹni tí ẹ ń wá kò sí níbẹ̀. Ti èkejì ni kí ẹ kàn án títí kí ẹnikẹ́ni má fọhùn. Nínú "refused", ẹ̀rọ wà lórí nọ́ńbà yẹn, ó sì yè, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí pọ́ọ̀tì tí ẹ lọ. Yálà wọ́n ti pa ètò náà, tàbí nọ́ńbà pọ́ọ̀tì inú líǹkì yín ti yí padà. Kò sí sẹ́tìńgì kankan lọ́dọ̀ yín tó lè wo èyí sàn. Nínú "timed out", firewall kan (ètò ààbò tó ń dí ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì) ló sábà máa ń gbé ìbéèrè yín mì lójú ọ̀nà. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ dátà fóònù yín kí ẹ tún un gbìyànjú. Bó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló dí i.

Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tó ní díjítì mẹ́ta lẹ rí, inú yín lè dùn díẹ̀, torí ẹ ti dé ọ̀dọ̀ sáfà, ó sì dá yín lóhùn. 401 ń béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà. 404 ní fáìlì náà kò sí níbi tí ẹ wá a sí. 429 ní ìbéèrè yín ti pọ̀ jù láàárín àkókò kúkúrú, nítorí náà ẹ dáwọ́ dúró díẹ̀, ẹ má tún un tẹ̀ léraléra. 500, 502, 503 àti 504 jẹ́ wàhálà àwọn tó ni sáfà.

403 ló ń da àwọn ènìyàn láàmú jù, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Sáfà mọ ohun tí ẹ ń wá, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn kọ̀ láti fún yín ni. Ẹ wo inú líǹkì náà. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ bíi token tàbí expires, tí ìlà gígùn lẹ́tà àti nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e, líǹkì onígbà ni. Èyí tí ẹ dà kọ lánàá ti lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí àtúnṣe fún irú èyí àfi kí ẹ padà sí ojú ìwé tí ẹ ti mú un, kí ẹ tún ojú ìwé náà ṣí, kí ẹ sì mú líǹkì tuntun. Bí kò bá sí token, ó lè jẹ́ pé wọn kò fún orílẹ̀-èdè tí nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì yín wà láàyè láti wò ó. VPN tí ẹ gbàgbé láti pa lè mú kí sáfà rò pé ibòmíràn ni ẹ wà, nítorí náà ẹ pa á kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ohun kan tó kù: bí ìlà pupa bá ń sọ̀rọ̀ nípa codec, ìsopọ̀ yín dára. Áàpù ló ń wá irinṣẹ́ tí yóò fi tú ohun tó ti gbà. Nínú gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ yìí, ibẹ̀ nìkan ni gbígbé ẹ̀dà tuntun áàpù sórí ẹ̀rọ ti wúlò.

Ìbéèrè: Rédíò kan tí mo fẹ́ràn ń dún dáadáa bí mo bá fi líǹkì rẹ̀ sínú VLC. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ sí ojú ìwé rédíò náà gan-an tí mo tẹ bọ́tìnì ibẹ̀, kì í dún rárá, kì í sì í sọ ohunkóhun. Ṣé bùráúsà mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, kò bàjẹ́. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì ojú ìwé náà: https ni yóò jẹ́. Ẹ wá wo líǹkì tí ẹ fi sínú VLC: ó dá wa lójú tó pé http ni, tí 8000 sì ṣeé ṣe kó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, nítorí òun ni pọ́ọ̀tì tí Icecast àti Shoutcast, ètò méjì tí sáfà rédíò fi ń ṣiṣẹ́, ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i. Ojú ìwé tó ní ààbò kò gbọdọ̀ fa ohùn tí kò ní ààbò wọlé. Láti ẹ̀dà 80 ti Chrome, tó jáde ní 2020, bùráúsà náà fúnra rẹ̀ ló ń yí http irú ohùn bẹ́ẹ̀ padà sí https. Bí sáfà rédíò kò bá ní https lórí pọ́ọ̀tì yẹn, ìsopọ̀ á já láìsí ariwo. VLC kì í ṣe ojú ìwé, òfin yìí kò kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ tẹ F12, ẹ yan Console, kí ẹ tẹ bọ́tìnì rédíò náà. Ẹ ó rí "Mixed Content" níbẹ̀.

Ẹ máa gbọ́ ọ nínú VLC ní tiyín. Ẹni tó ń bójú tó rédíò náà ló ní iṣẹ́ láti ṣe: kó fi nginx (ètò sáfà ojú ìwé) tàbí irú rẹ̀ síwájú Icecast, kí ohùn máa gba pọ́ọ̀tì 443 jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ààbò. Sáfà Shoutcast àtijọ́ tún máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ pẹ̀lú "ICY 200 OK" dípò "HTTP/1.0 200 OK". VLC mọ èdè yẹn, ṣùgbọ́n àwọn áàpù mìíràn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì sọ pé sáfà dáhùn ségesège.

Ẹlòmíràn bi wá lórí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pls tàbí .m3u, pé òun wà á sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò ju kílóbáìtì kan lọ, kò sì dún. Fáìlì yẹn kì í ṣe ohùn. Ẹ fi Notepad ṣí i. Nínú .pls, ẹ ó rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú File1=. Ohun tó tẹ̀ lé àmì yẹn ni líǹkì tòótọ́, òun ni kí ẹ dà kọ sínú áàpù yín.

Ìbéèrè: Lórí Wi-Fi ibi iṣẹ́, kò sí fídíò tààrà kan tó ń ṣí fún mi. Bí mo bá bọ́ sórí dátà fóònù mi, gbogbo rẹ̀ á ṣí. Bẹ́ẹ̀ Wi-Fi yẹn yá gan-an fún ìwé kíkà lórí bùráúsà.

Ìdáhùn: Ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ kì í ṣí ju pọ́ọ̀tì 80 àti 443 lọ, torí àwọn méjèèjì ni ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà. Líǹkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rtsp:// ń gba 554, rtmp:// ń gba 1935, rédíò sì sábà máa ń gba 8000. Kò sí bí Wi-Fi ṣe yá tó tí èyíkéyìí nínú wọn á fi kọjá bí wọ́n bá ti dí i. Ẹ bá ẹni tó ń mójú tó nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀, kí ẹ sọ nọ́ńbà pọ́ọ̀tì náà fún un. Bí ẹ bá kàn sọ fún un pé "fídíò kò ṣí", kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà míì ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ètò jáde bóyá wọ́n ní líǹkì .m3u8 lórí https. Ìyẹn ń gba 443 kọjá bí ojú ìwé lásán.

Bó bá jẹ́ Wi-Fi tó ń ní kí ẹ kọ́kọ́ forúkọ wọlé lójú ìwé kan ni, ẹ ṣí bùráúsà kí ẹ parí ìyẹn ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ìwé ìforúkọwọlé ni áàpù yín á máa gbà dípò ohùn, á sì sọ pé òun kò dá irú fáìlì yẹn mọ̀.

Fún àwọn tó ń wo kámẹ́rà ààbò lórí rtsp:// tí ó sopọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú: àwòrán ń gba UDP (ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí kì í dúró wò bóyá ohun tó fi ránṣẹ́ dé) bọ̀, ráútà tàbí firewall sì ń dà á nù. Nínú VLC, ẹ lọ sí Tools, Preferences, Input / Codecs, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Live555 stream transport, kí ẹ yí i sí "RTP over RTSP (TCP)". Ẹ tẹ Save, kí ẹ pa VLC, kí ẹ tún un ṣí.

Líǹkì mms:// ńkọ́? Ti àtijọ́ ni. Microsoft ti yọ ọ́ kúrò nínú Windows Media Services 2008. Ẹ fi http:// rọ́pò mms:// ní ìbẹ̀rẹ̀ líǹkì náà. Nígbà míì ó máa ń jí.

Ìbéèrè: Fóònù mi ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kan ṣàdédé ni gbogbo rédíò tí líǹkì wọn jẹ́ https kọ̀ láti sopọ̀, àwọn tó jẹ́ http sì ń dún. Ẹ gbà mí o.

Ìdáhùn: Ẹ ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ náà pẹ̀lú àkíyèsí yìí. Ìwé ẹ̀rí ààbò ni wàhálà wà. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́, oṣù àti ọdún lórí fóònù, kì í ṣe aago nìkan. Ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá tó sì jí sí 1970 á ka gbogbo ìwé ẹ̀rí sí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹ tan "Automatic date and time", ó parí.

Bí ọjọ́ bá tọ̀nà, ọjọ́ orí fóònù ni. Ìwé ẹ̀rí sáfà gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́ tí fóònù mọ̀. Let's Encrypt ló ń fún ọ̀pọ̀ rédíò kéékèèké ní tiwọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Onígbọ̀wọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní ISRG Root X1 kò sí nínú Android tó ṣáájú 7.1.1. Èyí tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mọ̀, DST Root CA X3, parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ẹ lọ sí Settings, About phone, kí ẹ wo ẹ̀dà Android yín. Bó bá kéré sí 7.1.1, ẹ wò bóyá Firefox ṣì gba fóònù yín, nítorí ó ní àkójọ onígbọ̀wọ́ tirẹ̀, kò gbára lé ti fóònù. Ẹ gbọ́ rédíò náà láti inú rẹ̀.

Ìdí mìíràn tó jọ ọ́ ni TLS, ìlànà ààbò tí https ń lò. Ẹ̀dà 1.0 àti 1.1 ti di ohun tí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì ní 2021, ọ̀pọ̀ sáfà sì ti pa wọ́n. Tẹlifíṣọ̀n àti rédíò Wi-Fi tí kò mọ TLS 1.2 kò ní lè bá wọn sọ̀rọ̀ àfi bí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n bá gbé ìmúdójúìwọ̀n jáde. Inú wa kò dùn láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ra ohun tuntun torí èyí kí ẹ tó wò bóyá rédíò náà ṣì ní líǹkì http kan.

Ìbéèrè: Tèmi ń sopọ̀ o, ṣùgbọ́n á dún díẹ̀, á dúró, á máa yí. Bí mo bá sì dá eré bọ́ọ̀lù dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan láti lọ jẹun, kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́ tí mo bá padà dé.

Ìdáhùn: Ìṣòro méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ti kejì ló rọrùn. Ètò tààrà tó ń gba HLS (ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tó ń lo líǹkì .m3u8) jẹ́ fáìlì kéékèèké tí wọ́n gé, ìṣẹ́jú àáyá 6 ni Apple dábàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fáìlì .m3u8 sì jẹ́ àkójọ orúkọ wọn. Bí èyí tuntun ṣe ń wọlé sínú àkójọ ni èyí tó pẹ́ ń bọ́ jáde. Bí ẹ bá dá a dúró, áàpù yín á padà wá béèrè fáìlì tí sáfà ti pa rẹ́, á sì gba 404. Bọ́tìnì Stop ni kí ẹ tẹ̀ kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Pause kọ́.

Fún yíyí tó ń yí, ẹ fi ohun tí fídíò ń fẹ́ wé ohun tí ẹ ní. Rédíò oní-128 kbps ń jẹ nǹkan bíi 58 MB ní wákàtí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí lè gbé e. Fídíò 720p ń fẹ́ bíi 3 Mbps, 1080p ń fẹ́ bíi 5 Mbps, èyí tó jẹ́ 2.25 GB ní wákàtí kan. Bí ẹ bá wọn íntánẹ́ẹ̀tì yín tó sì jẹ́ 5 Mbps géérégé, ẹ má wo 1080p lórí rẹ̀, torí kì í dúró sójú kan.

Bí ìwọ̀n bá tó tó sì ṣì ń yí, ẹ kọ ipconfig nínú Command Prompt, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú Default Gateway: ráútà yín nìyẹn. Ẹ kọ ping -n 50, kí nọ́ńbà náà tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá parí, ẹ wo Lost. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe bákan náà sí 1.1.1.1. Bí nǹkan bá ń sọnù láàárín yín àti ráútà, inú ilé ni wàhálà wà: ẹ sún mọ́ ráútà, tàbí kí ẹ bọ́ sórí Wi-Fi 5 GHz, tàbí kí ẹ fi okùn so kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ 2.4 GHz nìkan lẹ ní, ẹ fi ráútà sórí chánẹ́ẹ̀lì 1, 6 tàbí 11, kí ẹ sì rántí pé ààrò microwave ń lo ìgbì kan náà, ó lè dí i lọ́wọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sọnù títí dé ráútà ṣùgbọ́n tó ń sọnù lọ sí 1.1.1.1, ẹ̀yìn ráútà ni wàhálà wà, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ni kí ẹ pè.

Ẹ tún lè fi kún ohun tí VLC ń kó pamọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú Preferences, ẹ yan All nísàlẹ̀, kí ẹ tẹ Input / Codecs, kí ẹ wá Network caching. 1000 ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ ọ́ di 3000 tàbí 5000. Ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fò sókè fò sílẹ̀. Kò lè ran íntánẹ́ẹ̀tì tó kéré sí ohun tí fídíò ń fẹ́ lọ́wọ́ rárá.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti pa iná ojú fóònù Android mi, rédíò á dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìdáhùn: Fóònù yín ló ń pa áàpù náà láti tọ́jú bátìrì. Settings, Apps, orúkọ áàpù náà, Battery, kí ẹ yan Unrestricted. Bí Data Saver bá wà ní títàn, ẹ fún áàpù náà láàyè níbẹ̀ náà.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ tẹ́lẹ̀, ó sì dá mi lójú pé sáfà wọn ni. Kí ni kí n kọ ránṣẹ́ sí wọn tí wọn ò fi ní sọ pé kí n lọ pa fóònù kí n sì tàn án?

Ìdáhùn: Ẹ fún wọn ní ẹ̀rí. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ curl -v -L -o NUL, kí líǹkì tẹ̀ lé e. Curl, irinṣẹ́ tó ń bá sáfà sọ̀rọ̀ tó sì ń fi ìdáhùn rẹ̀ hàn, wà nínú Windows 10 láti ẹ̀dà 1803. Bó bá jẹ́ PowerShell lẹ ṣí, curl.exe ni kí ẹ kọ, nítorí curl lásán níbẹ̀ ń pe ohun mìíràn. Àwọn kan á ní kí ẹ lo -I, tó ń béèrè orí ìdáhùn nìkan láìgba ohùn. Ẹ má lò ó, torí àwọn sáfà rédíò mìíràn kì í dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rò pé wọ́n ti kú. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, curl kò ní dúró fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl àti C.

Ẹ da ohun tó jáde kọ. Ẹ fi log VLC kún un, bọ́tìnì Save wà nínú fèrèsé Messages. Ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ àti orílẹ̀-èdè tí aago náà jẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n lè wá a nínú log tiwọn. Ẹ sọ nẹ́tíwọ̀kì méjì tí ẹ ti dán an wò. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pa token inú líǹkì rẹ́, bákan náà ni ohunkóhun tó wà ṣáájú àmì @ bó bá wà níbẹ̀, nítorí orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín ni.